Káfíńtà Tí Kì Í Jẹ́ Kéèyàn Sọ̀rọ̀ Tán

Ìwàǹwára ló ba ayé káfíńtà kan jẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ mọṣẹ́ débi pé bó bá kan àga, erin lè jókòó lé e kó sùn lọ fọnfọn. Ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kéèyàn sọ̀rọ̀ tán. Bóo bá ṣe ń lanu báyìí, á ti ní, "Mo ti mọ̀!" Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Mo-ti-mọ̀ nìyẹn. Oníbàárà á béèrè tábìlì, kó tó sọ pé kékeré ni, Mo-ti-mọ̀ á ti kan èyí tí ò lè gba ẹnu ọ̀nà wọlé.

Bàbá rẹ̀ darúgbó, ẹsẹ̀ ò gbé e mọ́. Lọ́jọ́ kan, ó pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Ọmọ mi, bàbá àgbà tó tọ́ mi dàgbà, ẹ̀yìn mi ni wọ́n sin ín, nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ lókèèrè. Mo fẹ́ fọwọ́ kan ibojì rẹ̀ kí n tó lọ. Bá mi bi ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, òun nìkan ló kù tó mọ ibẹ̀. Kó sọ bí bàbá ṣe lo ayé rẹ̀ fún ẹ pẹ̀lú."

"Mo ti mọ̀, Bàbá!" Ó ti dé ìta.

Ìyá àgbà náà ń rán bọ́tìnnì mọ́ ẹ̀wù. Inú rẹ̀ dùn láti rí i.

"Jókòó, ọkọ mi. Ọ̀rọ̀ bàbá wa gùn. Atukọ̀ ni. Bàtà ẹyọ kan péré ló wọ̀ dé ìlú yìí. Ibi tí ìkejì wà, ṣóo rí i..."

"Mo ti mọ̀, Ìyá! Ibojì ńkọ́?"

"Ṣé iná ń jó ẹ nídìí ni? Abẹ́ igi ọsàn, ní itẹ́ òkú àtijọ́, ni wọ́n kọ́kọ́ sin ín sí, àmọ́..."

"Mo ti mọ̀! Ẹ ṣé o!"

"Padà wá! Mi ò tíì sọ̀rọ̀ tán!"

Eruku ẹsẹ̀ rẹ̀ ló dá a lóhùn.

Lóòótọ́, òkìtì kan wà lábẹ́ igi ọsàn. Mo-ti-mọ̀ rẹ́ ẹ ní sìmẹ́ǹtì, ó kan ìbòrí onígi lé e, ó dára débi pé ẹyẹ tó bá fò kọjá á tún padà wá wò ó. Wọ́n fi bárò gbé bàbá rẹ̀ débẹ̀. Arúgbó fọwọ́ kan sìmẹ́ǹtì, omijé bọ́.

"Bàbá mi, mo dé o." Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Kí ni ẹ̀gbọ́n mi sọ nípa wọn?"

"Ó ní bàtà ẹyọ kan ni wọ́n wọ̀ wọ̀lú."

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ìkejì ńkọ́?"

Mo-ti-mọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í họrí.

Ibẹ̀ ni alágbàfọ̀ kan já lé wọn lórí. "Ta ló kọ́lé lé ìyá mi lórí?"

"Ìyá ẹ kẹ̀? Bàbá wa ló wà níbí!"

"Bàbá yín wo? Ìgbà tí odò ya wọ ibí ni wọ́n ti hú gbogbo òkú àtijọ́, ẹ̀yìn ìgbà náà la sin ìyá mi síbí. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ló kó tiẹ̀ lọ síbòmíì. Ṣé ẹ ò bi àgbà yín ni?"

Bàbá ká ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí sìmẹ́ǹtì, bí ẹni tí iná jó.

Mo-ti-mọ̀ sáré débi pé òjìji rẹ̀ ò bá a. Ṣùgbọ́n àìsàn ti gba ohùn lẹ́nu ìyá àgbà. Mo-ti-mọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ dákun, Ìyá, ẹ parí ẹ̀."

Ètè ìyá ń mì. Ohùn ò jáde, kò sì jáde mọ́ títí tó fi kú. Bàbá náà kọjú sí ògiri, ó tẹ̀ lé e lọ sọ́run, láì fọwọ́ kan ibi tó ń wá.

Títí dòní, Mo-ti-mọ̀ máa ń lọ jókòó ti àwọn arúgbó tí ò tan mọ́ ọn. Á gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn tán, títí oorun á fi gbé wọn lọ. Kò sẹ́ni tó dárúkọ bàtà rí.

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí àgbà bá ń sọ̀rọ̀, ẹ wá àga, kí ẹ fìdí mọ́lẹ̀. Bó pẹ́, ẹ jẹ́ kó pẹ́. Ìdajì ọ̀rọ̀ ni Mo-ti-mọ̀ gbọ́, ìdajì yẹn ló sì gbé e lọ sórí ibojì ẹni tí kò bí i. Ìdajì tó kù ti wọlẹ̀ lọ pẹ̀lú ìyá àgbà, kò sì sí káfíńtà tó lè kan òmíràn.