Ẹja Tó Ń Jẹun Tó Sì Ń Rù

Ẹ̀rọ ẹnu géètì ọgbà ẹja yẹ ọwọ́ Ìbídùn wò, ó ní ọkàn rẹ̀ balẹ̀, kó wọlé. Àná ni wọ́n sin ìyá rẹ̀, kò sì tíì sunkún. Wọ́n ti dá Ògúnmọ́dẹdé, tí wọ́n jọ ń bọ́ ẹja, padà sílé, torí pé ara ọmọ rẹ̀ kò yá, àyà rẹ̀ sì ń já. Òfin kò gba oníbànújẹ́ létí adágún mọ́. Ẹja máa ń mọ̀ ọ́n lára ẹni, ẹ̀rù á bà á, ẹran ara rẹ̀ á máa gbẹ, bó ti wù kó jẹun tó.

Ìbídùn bọ́ bàtà, ó fọ́n oúnjẹ sómi. Àwọn ẹja jẹ ẹ́ tán.

"Ìwọ ni wọ́n fẹ́ràn jù," Ìyá Ọlábòdé, ọ̀gá wọn, rọra sọ.

Kíkí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ jẹ́ èèwọ̀ níbẹ̀. Ọ̀gá náà kàn di ọwọ́ Ìbídùn mú. Ìka méjì yí ọrùn-ọwọ́ náà po, ó tún ku àyè.

"Ṣé ò ń jẹun?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, mà."

Ẹja tó bá ń jẹun tó sì ń rù, yíyọ ni wọ́n ń yọ ọ́ sọnù. Ìyá Ọlábòdé fa apá aṣọ Ìbídùn wálẹ̀, kí ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ wọn lára ògiri má baà rí bó ti rù tó.