Mo-ti-mọ̀ àti Ìlà Omi Adágún

Kí ni a ti mọ̀ nípa gíráàfù? A mọ̀ pé ìlà kan wà ní ìbú, òmíràn sì wà ní òòró. A mọ̀ pé àmì kọ̀ọ̀kan tí a fi sáàárín wọn ń sọ ohun tí ẹnìkan fi ojú ara rẹ̀ rí. Èyí gan-an ni ọmọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí gbàgbé. Ọpọlọ rẹ̀ pé, inú rẹ̀ sì dára, ṣùgbọ́n kò ní sùúrù láti wo nǹkan dé ìdí. Kí olùkọ́ tó la ẹnu, yóò ti pariwo pé, "Mo ti mọ̀, sà!" Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Mo-ti-mọ̀ nìyẹn.

Kíláàsì wọn ń sin ẹja nínú adágún onísìmẹ́ńtì lẹ́yìn ilé ìwé. Wínníwínní ni àwọn ẹja náà nígbà tí wọ́n kó wọn dé. Nígbà tó yá, wọ́n tó àtẹ́lẹwọ́. Ọjọ́ àbẹ̀wò àwọn òbí ni wọ́n fẹ́ fi wọ́n hàn, Mo-ti-mọ̀ sì ti ṣèlérí fún ìyá rẹ̀ àgbà pé òun ni yóò mú un dé etí adágún. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti máa ki ọ̀pá ìwọ̀n bọ omi láràárọ̀, kó sì fi àmì sí gíráàfù ara ògiri. Oòrùn ń fa omi náà díẹ̀díẹ̀. Gíráàfù yìí ni olùkọ́ ń wò kó tó ṣí ẹ̀rọ omi sí i.

Àmì ń tẹ̀lé àmì, gbogbo wọn tò gbọọrọ bí okùn tí a nà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é sí pápá bọ́ọ̀lù, Mo-ti-mọ̀ gbé rúlà lé ìlà náà, ó nà án síwájú, ó sì fi àmì ọjọ́ náà síbẹ̀ láìdé ìdí adágún.

Ọmọ Télọ̀, ọmọbìnrin tí wọ́n jọ ń jókòó, rí i. "Ìwọ, ṣé o ti lọ wọn omi ni?"

"Kí ni mo tún fẹ́ lọ wọ̀n? Ṣé o ò rí ibi tí ìlà ń lọ ni?"

"Ẹja ò mọ rúlà o, ọ̀gbẹ́ni."

"Lọ bá bàbá ẹ rán aṣọ, jàre!" Ó fẹ̀rín sí i, ó sá lọ.

Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀. Ìsàlẹ̀ adágún ti sán láìsí ẹni tó mọ̀, omi sì ń jò wọlẹ̀. Mo-ti-mọ̀ tún fa àmì lọ́jọ́ kejì, ó tún fà á lọ́jọ́ kẹta. Bọ́ọ̀lù ń dùn. Olùkọ́ wo ògiri, ó ní, "Omi ṣì pọ̀. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ká tó ṣí ẹ̀rọ."

Igbe Ọmọ Télọ̀ ló kó gbogbo wọn jáde láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Omi ò bo kókósẹ̀ mọ́. Ẹja gun orí ẹja. Ọ̀pọ̀ ti kú, ìwọ̀nba tó kù ń la ẹnu. Wọ́n sáré fi korobá kó wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀pa ò bóró mọ́.

"Ta ló wọn omi lánàá?" olùkọ́ béèrè.

Mo-ti-mọ̀ wolẹ̀. "Èmi... n ò wọ̀n ọ́n, sà. Mo kàn fi rúlà fa ìlà rẹ̀ ni."

"Láti ìgbà wo?"

Ó na ìka mẹ́ta sókè, ó sì bú sẹ́kún. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn.

Olùkọ́ kò nà án. Ó ní kó fi yíǹkì pupa yí gbogbo àmì tí kò wọ̀n po, kó sì dúró ti gíráàfù náà lọ́jọ́ àbẹ̀wò, kó máa ṣàlàyé rẹ̀ fún gbogbo òbí. Ìyá àgbà rẹ̀ tètè dé.

"Ọkọ mi, ẹja dà?"

Ó nawọ́ sí ògiri. "Àwọn tí mo wọ̀n rèé, Ìyá àgbà. Àwọn tí mo kàn rò rèé. Inú èyí tí mo rò yìí lẹja kú sí."

Ìyá àgbà di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ó dáa, mú mi débẹ̀ náà." Àwọn méjèèjì jọ dúró létí adágún gbígbẹ.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ẹ̀rí ni àmì inú gíráàfù. Ìlà tí a fà kọjá àmì tó gbẹ̀yìn, àbá lásán ni. Kò burú ká dábàá. Ohun tó burú ni ká fi àbá sí ipò ẹ̀rí, nítorí ẹlòmíràn yóò gbára lé e. Lọ́la, ẹ bu omi sínú abọ́, ẹ gbé e sóòrùn, ẹ máa wọ̀n ọ́n, kí ẹ sì máa fi àmì sí ìwé. Bí àmì bá ti tò díẹ̀, ẹ fi ìlà gígé kéékèèké, tó fi hàn pé àbá ni, fa ibi tí ẹ rò pé ó ń lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ dìde, kí ẹ lọ wo abọ́ náà.