Ta Ló Tẹ̀ Ẹ́?

Ilé ìwòsàn ni Olùyẹ̀wò sùn mọ́jú, bí a bá lè pe jíjókòó sórí àga onírin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ìyá ẹni ní oorun. Láti ibẹ̀ ló ti gba ibi iṣẹ́ lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa lọ sọ́dọ̀ àwọn ikọ̀ tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, kí ó wo bí wọ́n ṣe ń ṣèpàdé, bí wọ́n ṣe ń pín iṣẹ́, bí wọ́n ṣe ń tún àṣìṣe ara wọn ṣe, kí ó sì sọ èyí tó dára àti èyí tó kù díẹ̀ káàtó fún Ọ̀gá.

Ikọ̀ ti ọjọ́ náà kò ju èèyàn mẹ́rin lọ. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ni olórí wọn. Akunlé ni wọ́n ń pe ọkùnrin tó ń ya bí ojú ètò wọn ṣe máa rí. Òfíntótó ni obìnrin tó ń dán iṣẹ́ gbogbo wọn wò kó tó jáde. Bàbá Àgbà ni ẹni kẹrin. Kò tíì pé ọgọ́ta ọdún, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ti funfun, wọ́n sì máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ti ń lo kọ̀ǹpútà kí iná mànàmáná tó dáyé. Ètò wọn ni àwọn èrò fi ń ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀.

Kí ìpàdé àárọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, àbúrò Olùyẹ̀wò pè é lórí fóònù. Ó kọjú sí ògiri, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ṣùgbọ́n yàrá náà kò tóbi.

"Mo ti gbọ́. Ṣé kí n wá fiṣẹ́ sílẹ̀ ni? Ọ̀gá ti kìlọ̀ fún mi lẹ́ẹ̀mejì. Bí mo bá tún ṣe àṣìṣe kan péré, ilé yá. Ta ni yóò wá tọ́jú Màmá?"

Àwọn mẹ́rin náà tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà wọn bí ẹni tí kò létí.

Ìdúró ni wọ́n ń ṣe ìpàdé náà, nídìí ògiri lọ́hùn-ún, kí ẹnikẹ́ni má baà rojọ́ gùn.

"Màdámú, ẹ̀yin ẹ jókòó ní tiyín," olórí ikọ̀ sọ. "Ẹsẹ̀ yín ti wú. Ẹ lo tábìlì Bàbá Àgbà."

"Àga mi ló dẹ̀ jù níbí," Bàbá Àgbà dá sí i. "Ó ti mọ ìdí àgbà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Olùyẹ̀wò jókòó, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé gbogbo wọn ló tètè dé. Ó gbọ́ tí Bàbá Àgbà ń sọ̀rọ̀ lọ́hùn-ún.

"Tèmi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ó ku kí n tẹ bọ́tìnì kan ṣoṣo kó jáde sí gbangba, ṣùgbọ́n mo dá a dúró. Òfíntótó kò tíì yẹ̀ ẹ́ wò."

"Ẹ fi í sílẹ̀ títí di ọ̀sán o," Òfíntótó dáhùn. "Mi ò fọkàn tán iṣẹ́ tí ẹ bá ń kọrin ṣe."

Ìpéǹpéjú Olùyẹ̀wò wúwo bí òjé.

Nígbà tó lajú, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló dúró yí i ká. Ẹnì kan ti da súwẹ́tà bò ó léjìká.

"Ẹ kú oorun, mà," olórí ikọ̀ sọ níkẹyìn. "Ẹ lọ bomi bọ́jú. Kò sí nǹkan."

Nínú dígí ilé ìwẹ̀, ó rí àpá oorun lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀, kéékèèké, onígun mẹ́rin. Ó fi omi ra á títí ó fi parẹ́.

Ìgbà tó fi padà, fóònù ti ń dún lọ́tùn-ún lósì. Iṣẹ́ Bàbá Àgbà tí kò tíì tán ti jáde sí gbangba. Àwọn èrò tó ti sanwó dé ibùdókọ̀, àwọn onímọ́tò sọ fún wọn pé wọn kò ní tíkẹ́ẹ̀tì. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò jẹ, wọn kò mu, títí wọ́n fi tún un ṣe ní ìrọ̀lẹ́.

Ọ̀gá pe Olùyẹ̀wò. "Orúkọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ni mo fẹ́. Onítọ̀hún ń lọ sílé lónìí. Bí o kò bá rí i, ìwọ ni yóò lọ."

Olùyẹ̀wò pè wọ́n jókòó fún ìpàdé ìbojúwẹ̀yìn. Ta ló tẹ̀ ẹ́?

"Èmi ni," Akunlé sọ.

"Èmi ni," Òfíntótó sọ. "Ká ní mo ti yẹ̀ ẹ́ wò lánàá ni, kì bá tí ba nǹkan jẹ́."

"Irọ́ ni wọ́n ń pa, mà. Èmi ni," olórí ikọ̀ sọ. "Èmi ni mo ṣètò bí a ṣe jókòó láàárọ̀."

"Ẹ má dá àwọn ọmọdé lóhùn," Bàbá Àgbà sọ. "Èmi ni. Mi ò ti ẹ̀rọ mi pa kí n tó dìde."

"Ṣé ẹ ń fi mí ṣeré ni?" Olùyẹ̀wò bi wọ́n. Ó ti rẹ̀ ẹ́ dé eegun. "Èèyàn mẹ́rin kò lè tẹ bọ́tìnì kan! Nínú gbogbo ikọ̀ tí mo ti yẹ̀ wò, mi ò rí èyí tí irọ́ mọ́ lára tó báyìí."

Akunlé wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó sì gbójú kúrò.

Olùyẹ̀wò dijú. "Olúwa," ó ń sọ lábẹ́lẹ̀, "fi òtítọ́ hàn mí." Ẹ̀rọ Bàbá Àgbà ni iṣẹ́ náà ti jáde. Ó kọ orúkọ Bàbá Àgbà ránṣẹ́ sí Ọ̀gá.

Nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn ni àwọn méjèèjì ti pàdé. Bàbá Àgbà gbé páálí dání: ife tíì rẹ̀, bàtà ilé rẹ̀, àti súwẹ́tà náà.

"Bàbá, ẹ má bínú. Iṣẹ́ ni."

"Mo mọ̀. Ara Màmá ńkọ́?"

"Wọ́n ní ó sàn díẹ̀."

"A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run." Ó gbé páálí náà sí apá kejì.

"Màdámú, ibi tí ẹ bá tún dé," ó wí jẹ́jẹ́, "bí oorun bá fẹ́ gbé yín, ẹ kọ́kọ́ sún kíbọ́ọ̀dù sẹ́yìn kí ẹ tó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé tábìlì."