Abọ́ Arlys

"Ẹ tún gbé màkàróní wá ni?"

Ìyá Soren ò tíì ṣílẹ̀kùn tán tí òórùn wàràkàṣì inú màkàróní fi gbà á nímú. Rọ́bà tí dókítà fi sí i níkùn ni ọmọ rẹ̀ fi ń jẹun, síbẹ̀ màkàróní ni àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì ń gbé wá.

"Èmi ni mo sè é fúnra mi," ni Arlys, olórí ẹgbẹ́ ìrànlọ́wọ́, wí. Òórùn àìwẹ̀ ìyá náà lù ú, ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Kí lo tún ń fẹ́, ọmọ mi?"

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi jókòó ti ọmọ yìí, kí n sáré wẹ̀."

"Yéè! Mi ò tiẹ̀ pa mọ́tò, torí òtútù yìí. Ṣáà bá mi mú abọ́ mi ti ọjọ́sí. Orúkọ mi wà nídìí ẹ̀. Kó o fọ̀ ọ́ dáadáa o."

Ìyá ọmọ wò ó bí ẹni rí ìdin lára ẹran.

"Ó dáa. Ẹ wọlé, ẹ bá mi di orí Soren mú lórí àga ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀, oúnjẹ inú ẹ̀ á padà sá sí i lọ́fun."

Arlys wọlé, ó nawọ́, ó di orí Soren mú bí ẹni mú òkú eku.

"Abọ́ yẹn dà?" ó kígbe.

Lókè, ilẹ̀kùn balùwẹ̀ tì gbàgà, omi bẹ̀rẹ̀ sí í dà ṣọ̀ọ̀. Soren rẹ́rìn-ín, itọ́ rẹ̀ sì kán sí Arlys lápá. Níta, mọ́tò ń dún nìṣó.