Ihò Tí Kò Ju Ẹnu Ife Lọ

Mo ti tẹ́ aṣọ dúdú bo gbogbo ẹ̀yìnkùlé wa, mo sì fi òkúta tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Òfin ni, ilẹ̀ kankan kò gbọdọ̀ wà níhòòhò mọ́. Ihò tí a máa gé sára aṣọ náà láti gbin ẹ̀fọ́ kò sì gbọdọ̀ ju ẹnu ife lọ.

Fadérera, ìyàwó ọmọ mi, tó bímọ láàárọ̀, gbé ibi ọmọ náà jáde nínú ìkòkò.

“Ìkòkò yìí ò lè wọ ihò, Màámi.”

Mo mú ọ̀bẹ láti gé aṣọ náà kí ihò kan fẹ̀ sí i. Ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ilẹ̀ fò wá sórí wa.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Kí lẹ fẹ́ gbìn?”

“Ibi ọmọ la fẹ́ sin.”

“Kò sí nínú ohun tí òfin gbà. Ẹ kú ewu ọmọ.”

Ó kọjá sí ilé kejì.

“Ọmọ mi ò nílé nìyẹn,” ni Fadérera wí.

Mo gbẹ́ ilẹ̀ abẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ihò kékeré náà jìn, mo fi ọwọ́ kó ibi náà sínú rẹ̀, mo gbin tẹ̀tẹ̀ lé e lórí. Ẹ̀rọ náà padà dé.

“Tẹ̀tẹ̀. Ó dáa. Tó bá ti tó já, ẹ jẹ ẹ́ o. Ẹni tó bá fi ẹ̀fọ́ ṣòfò, a máa gba ilẹ̀ rẹ̀.”

Fadérera wò mí. “Ṣé a máa jẹ ẹ́?”

“A máa jẹ ẹ́. Lọ fún ọmọ lọ́mú.”