Ariwo Tí Sunniva Gbọ́

Òjò ti ń rọ̀ nílùú Bergen láti ìdájí nígbà tí Torgeir wọ yàrá tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Sunniva, ti máa ń gba orin sílẹ̀ fáwọn olórin. Orin jáàsì jẹ́ẹ́jẹ́ kan ló kù kí àwo orin Torgeir parí, kò sì ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Halvard, tó máa ń ta béèsì, ohun èlò olókùn tí ohùn rẹ̀ wà nísàlẹ̀, fún Torgeir, ti dé ṣáájú. Ó rí báàgì aṣọ kékeré lọ́wọ́ Torgeir.

"Ìrìn àjò ni?"

"Mo ń lọ síbì kan láàárọ̀ ọ̀la," ni Torgeir wí, ó sì rọra bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀.

Ó jókòó sídìí dùùrù. Ó tẹ orin náà bí ẹni ń bá ọmọ tó fẹ́ sùn sọ̀rọ̀. Ó máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀, béèsì á sì gba ibẹ̀ kọjá. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀, Halvard rẹ́rìn-ín músẹ́.

Sunniva sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn gíláàsì, nídìí ẹ̀rọ tó ń gba orin sílẹ̀. "Mo gbọ́ ariwo kan. Ẹ tún un ṣe."

Wọ́n tún un ṣe. Ó ní àga ló dún. Wọ́n tún un ṣe. Ó ní òjò ni. Lẹ́ẹ̀kẹrin, ó ní Halvard ń mí sókè jù.

"Ogún ọdún ni mo ti ń mí nínú yàrá yìí, o ò bínú sí i rí."

"Rọra mí lónìí."

Lọ́sàn-án, wọ́n jẹ ọbẹ̀ ẹja. Ọwọ́ òsì ni Torgeir fi mú ṣíbí. Nígbà tó lọ fọ abọ́ rẹ̀, Halvard sún mọ́ Sunniva.

"Ọwọ́ ń dun àbúrò ẹ. Ṣé o ò rí i ni?"

"Mo rí i."

"Jẹ́ kó máa lọ sílé nígbà náà. Ìwà ìkà nìyí."

Sunniva padà sẹ́yìn gíláàsì. Wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀karùn-ún, ó tún mi orí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ tún gbọ́?" ni Torgeir béèrè.

"Ọkọ̀ kan ló kọjá lẹ́yìn ilé."

Torgeir wo fèrèsé. Òkun nìkan ló wà lẹ́yìn ilé náà.

"Òótọ́ ni," ló wí. "Èmi náà gbọ́ ọ."

Ó tún bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kẹfà, Halvard ti béèsì rẹ̀ bọ inú àpò, ó sì jáde láìkí Sunniva pé ó dàbọ̀. Ilẹ̀ ti ń ṣú bó ṣe máa ń rí nígbà òtútù níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ò tíì lù. Torgeir ò dúró kí wọ́n sọ fún un mọ́. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé dùùrù, ó sì dá orin náà tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kò sí ariwo kankan láti àárọ̀. Èyí tó kọ́kọ́ tẹ̀ ti tó fún àwo náà, ṣùgbọ́n àrùn jẹjẹrẹ ti jẹ egungun ọwọ́ ọ̀tún Torgeir, aago méje òwúrọ̀ ọ̀la sì ni àwọn dókítà máa gé ọwọ́ náà kúrò.