Mọ́tò Tó Ń Ké Lábẹ́ Fèrèsé

Irọ́ ló pa. Ẹni tó sọ fún yín pé Mílúdì ò mọ mọ́tò, ẹ bá mi sọ fún un pé irọ́ gbuu ló pa. Ṣé òun ti dé Tìrípólì rí ni? Èmi ti jẹ búrẹ́dì ibẹ̀ títí eyín mi fi ká tán. Mílúdì mọ mọ́tò. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé Alhaji Fáráàjì gan-an nìyí.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Wọ́n ti kírun tán, iná ìjọba sì ti lọ látàárọ̀. Mílúdì, tó ń fi takisí jẹun, bá Alhaji lójúde, níbi tí Pijó àtijọ́ kan ti ń ké lábẹ́ fèrèsé. Kò sẹ́ni tó jókòó sínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó tẹ tọ́tù. Síbẹ̀ ẹ́ńjìnnì ń pariwo bí èyí tó ń gun òkè. Wáyà méjì gbéra láti ara bátìrì rẹ̀, wọ́n gba ojú fèrèsé wọ yàrá òkè, bíi ti ọ̀pọ̀ ilé àdúgbò yẹn nígbàkígbà tí iná bá lọ.

"Ṣé o gbọ́ bó ṣe ń ké?" ni Alhaji wí. "Àwọn ará àdúgbò fẹ́ fi èébú lé mi kúrò nílùú."

"Sìló rẹ̀ ló ga, Alhaji, ó ń sáré ju bó ṣe yẹ lọ níbi tó dúró sí."

"Mo mọ̀ pé ó ga, etí mi ò di. Ìwọ tó ń pe ara ẹ ní ọkọ ọmọ mi, ṣe é kí n rí i. Tó o bá lè mú un dákẹ́, mi ò tún ní sọ pé ọwọ́ ẹ ń rùn fún epo."

Alhaji ò fẹ́ fún un lọ́mọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ní tírélà ló fẹ́ fi Rábíhà fún. Ẹni tó dí i lọ́wọ́ ni Màmá Mabrúkà, ìyá tó bí ìyàwó Alhaji, ìyàwó náà sì ti di olóògbé. Màmá ló ni ilé. Ó sì ti sọ ọ́ lójú gbogbo ẹbí pé níwọ̀n ìgbà tí òun bá ṣì ń mí, Mílúdì ni ọmọ ọmọ òun máa fẹ́. Lẹ́yìn ààwẹ̀ ni wọ́n fi ìgbéyàwó sí. Àmọ́ èémí ti ń wọ́n Màmá láti ọdún tó kọjá, ó ń gbé orí bẹ́ẹ̀dì nídìí fèrèsé tọ̀sán-tòru, rọ́bà kékeré kan wà nímú rẹ̀.

"Mílúdì, ọkọ mi," ohùn rẹ̀ wá láti òkè, "ṣé o ti jẹun?"

"Mi ò tíì jẹun, Màmá."

"Rábíhà ń ro òkèlè básìnì lọ́wọ́. Má jẹ́ kí ọkùnrin yẹn fiṣẹ́ pa ẹ́ kí òkèlè tó jinná."

Alhaji rẹ́rìn-ín. "Gbogbo ara ló ń ṣàìsàn, ẹnu nìkan ló le."

Mílúdì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó wo wáyà tọ́tù, ó rí i pé ó dẹ̀, kò fà. Ó wo ṣóòkù tí wọ́n máa ń fà bí ẹ́ńjìnnì bá tutù, ìyẹn náà ti padà sáyè rẹ̀. Ó ní kí Rábíhà bá òun bu omi ọṣẹ wá, ó wá ń ta á sídìí àwọn rọ́bà lọ́kọ̀ọ̀kan, torí rọ́bà tó bá ya á máa fa afẹ́fẹ́, ẹ́ńjìnnì á sì máa sáré. Kò sí èyí tó fa omi náà mu.

"Ṣé mọ́tò lò ń tún ṣe ni, àbí aṣọ lò ń fọ̀?" ni Rábíhà wí.

"Aṣọ ìgbéyàwó wa ni mò ń fọ̀."

"Fọ̀ ọ́ kó mọ́ o. Bàbá mi ń wò ẹ́."

Alhaji ń wò ó lóòótọ́. Ó ń rìn yí mọ́tò ká, bàtà òsì rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀. Nígbà tó sú u, ó ní, "Wo ẹ̀yìn kabúrétọ̀."

Mílúdì ki ọwọ́ sẹ́yìn kabúrétọ̀. Níbi tí irin tọ́tù ti yẹ kó padà sinmi, awọ pupa kékeré kan há síbẹ̀, wọ́n gé e bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Ó fà á yọ. Ariwo náà wálẹ̀. Ẹ́ńjìnnì wá ń mí jẹ́jẹ́ bí ọmọ tó sùn.

"Òmùgọ̀ kan ló ki èyí síbẹ̀, Alhaji. Ẹ wò ó."

"Ayé ò níṣẹ́," ni Alhaji wí. Ó gba awọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sọ ọ́ sápò. "Wọlé wá jẹun, ọkọ ọmọ mi."

Kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Inú Mílúdì dùn débi pé kò mọ ìgbà tó fọwọ́ tán. Wọ́n jọ bu òkèlè nínú abọ́ kan náà. Alhaji ń ti ẹran síwájú rẹ̀, ó ń sọ ìtàn ìgbà tóun wà nínú iṣẹ́ sójà. Nígbà tí Rábíhà fẹ́ dìde lọ wo òkè, bàbá rẹ̀ dì í mú lápá aṣọ.

"Jẹ́ kí Màmá sùn. Ṣé o ò gbọ́ bí ilé ṣe dákẹ́ ni? Se tíì wá."

Wọ́n mu tíì kíkorò, wọ́n mu aládùn, wọ́n tún mu èyí tí wọ́n da ẹ̀pà sí. Ife tí Rábíhà gbé lọ sókè fún Màmá ni wọ́n gbọ́ tó fọ́.

Ẹ̀rọ tó ń fún Màmá ní afẹ́fẹ́, èyí tí wáyà méjì yẹn ń gbé iná lọ fún, ti kú, òun náà sì ti kú. Àfi kí ẹ́ńjìnnì yẹn sáré kíkankíkan kí iná rẹ̀ tó lè tó ẹ̀rọ náà. Èyí tó ń mí jẹ́jẹ́ kàn ń jẹ́ kí ẹ̀rọ náà fa bátìrì gbẹ ni. Alhaji káwọ́ lérí lójúde kí gbogbo àdúgbò lè gbọ́. "Mo ní kó bá mi tún mọ́tò ṣe," ló ń wí, "ó pa ìyá mi." Rábíhà ò tún wojú Mílúdì mọ́.

Lọ́jọ́ kẹta, Mílúdì wá tọrọ àforíjì, wọn ò jẹ́ kó wọlé. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, níbi tí àwọn tó wá kí wọn kú ọ̀fọ̀ bọ́ bàtà wọn sí, ibẹ̀ ló ti rí bàtà awọ pupa Alhaji, tí wọ́n ti gé awọ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé kúrò ní gìgísẹ̀ ti òsì. Ẹ bá mi sọ ìyẹn fún ẹni tó ní Mílúdì ò mọ mọ́tò. Kẹ́ ẹ sì ra tíì fún mi, ẹ̀pà gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀.